Bí Ìmọ́lẹ̀ Ṣe Ń Wọn Igun Tí Ojú Wa Kò Lè Rí

Kò sí ẹni tó lọ sí ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ wa tí kò mọ eré yìí. Ọmọ kan á mú àfọ́kù dígí dání, á jókòó sẹ́bàá fèrèsé, á gba oòrùn sí i, á sì tan ìmọ́lẹ̀ náà sára ògiri, tàbí sójú ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó jókòó lọ́ọ̀ọ́kán. Ọwọ́ rẹ̀ kò ní ju kó mì díẹ̀ lọ tí ìmọ́lẹ̀ yóò fi fò láti ìkangun yàrá kan dé ìkangun kejì. Èmi náà ṣe é. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé eré yẹn ni ìpìlẹ̀ ọ̀nà tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ń gbà wọn igun tí kò sí rúlà tó lè fi hàn.

Ohun tó máa ń rú àwọn ènìyàn lójú nípa rẹ̀ rọrùn láti sọ. Bí igun kan bá kéré débi pé ojú kò lè rí i, báwo la ṣe ń mọ iye rẹ̀? Ṣé wọ́n ń fín ìlà tó túbọ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ sára irin ni? Rárá o. Ìmọ́lẹ̀ ni wọ́n ń rán níṣẹ́, kó gbé igun náà lọ síbi tó ti máa di gígùn tí a lè kà.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ bí ohun tí à ń wí ṣe kéré tó. Òbìrìkìtì kan jẹ́ dígírì 360. A pín dígírì kan sí ọ̀nà 60, a tún pín ìdá kọ̀ọ̀kan sí 60. Àwọn ará Bábílónì ayé àtijọ́ ló fi kíka nǹkan ní ọgọ́ta-ọgọ́ta sílẹ̀ fún aráyé, a kò sì tíì kúrò nínú rẹ̀. Àwọn awọnlẹ̀ ń pe ìpín àkọ́kọ́ ní mínìtì, wọ́n ń pe ìkejì ní sẹ́kọ́ńdì, ọ̀rọ̀ aago kò sì sí níbẹ̀. Odidi òbìrìkìtì jẹ́ sẹ́kọ́ńdì 1,296,000.

Òṣùpá, bí a ṣe ń rí i lójú ọ̀run, fẹ̀ tó nǹkan bí ìdajì dígírì. Ojú tó ríran dáadáa lè ya àmì méjì sọ́tọ̀ bí mínìtì kan bá wà láàárín wọn. Sẹ́kọ́ńdì kan jẹ́ ìdá ọgọ́ta ìyẹn. Bí ẹ bá ń tọ́ka sí ohun tó jìnnà ní kìlómítà kan, tí ẹ sì fi sẹ́kọ́ńdì kan ṣì í, ohun tí ẹ máa fi tàsé kò ju mìlímítà 4.85 lọ.

Ẹ wá gbé e wá sórí irin. Ká ní a ṣe òbìrìkìtì irin kan, tí àárín rẹ̀ sí etí rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 10, tí a sì fẹ́ fín gbogbo sẹ́kọ́ńdì sí i létí. Ààyè tó máa wà láàárín ìlà kan sí èkejì kò ní tó ìdajì nínú ìdá ẹgbẹ̀rún kan mìlímítà. Irun orí ènìyàn nípọn jù ú lọ ní bí ìlọ́po ọgọ́rùn-ún. Ààyè náà fẹ́rẹ̀ẹ́ má ju gígùn ìgbì ìmọ́lẹ̀ kan ṣoṣo lọ. Bí a bá tilẹ̀ rí ẹni tó lè fín in, ojú wo ló máa kà á?

Ibẹ̀ ni dígí ti wọlé. Òfin tí ìmọ́lẹ̀ ń tẹ̀ lé lójú dígí kò ṣòro: igun tó bá fi wọlé, òun náà ló fi ń jáde. Ìmọ́lẹ̀ tó bá kọlu dígí lóòró gangan á padà sí ọ̀nà tó gbà wá. Ẹ wá yí dígí yẹn ní dígírì kan. Ìmọ́lẹ̀ tó ń bọ̀ kò kúrò lójú ọ̀nà rẹ̀, ṣùgbọ́n ní ti dígí, ó ti fi dígírì kan yẹ̀ nígbà tó ń wọlé, ó sì gbọ́dọ̀ fi dígírì kan yẹ̀ sí ìhà kejì nígbà tó bá ń jáde. Kan àti kan jẹ́ méjì. Bí dígí bá ṣe yí tó, ìmọ́lẹ̀ á yí ní ìlọ́po méjì rẹ̀.

Ìlọ́po méjì yẹn nìkan kọ́ ni èrè. Ìmọ́lẹ̀ dà bí ọ̀pá gígùn tí kò wúwo, tí kì í sì í tẹ̀ bó ti wù kó gùn tó. Ní ìparí ọ̀pá tó gùn ní mítà 10, dígí tó yí ní sẹ́kọ́ńdì kan ti gbé ìmọ́lẹ̀ kúrò ní nǹkan bí ìdá mẹ́wàá mìlímítà kan. Ẹni tó bá mú awò kékeré dání lè rí ìyẹn.

Ní 1826, Johann Christian Poggendorff ní Jámánì dábàá pé kí wọ́n lẹ dígí mọ́ òòfà tó ń yí, kí wọ́n sì máa fi tẹlisíkóòpù, awò tí a fi ń wo ọ̀nà jíjìn, wo rúlà kan nínú dígí náà. Carl Friedrich Gauss lo ọ̀nà yìí ní àwọn ọdún 1830 láti mọ bí agbára òòfà ilẹ̀ ayé ṣe ń yí díẹ̀díẹ̀ láti òwúrọ̀ di alẹ́. Lẹ́yìn náà ni ti okùn wáyà tẹlígíráàfù, èyí tí wọ́n ń fi iná gbé ọ̀rọ̀ gbà, tí wọ́n tẹ́ sí abẹ́ òkun Atlantic ní 1858. Iná tó ń gba inú rẹ̀ dé láti ìhà kejì òkun kò lágbára rárá, ẹ̀rọ lásán kò lè mọ̀ ọ́n lára. William Thomson, ẹni tí ayé wá mọ̀ sí Lord Kelvin, lẹ dígí kékeré kan mọ́ òòfà inú ẹ̀rọ rẹ̀. Iná díẹ̀ á dé, dígí á yí díẹ̀, ìmọ́lẹ̀ àtùpà á rìn lórí rúlà, ẹni tó jókòó tì í á sì kọ lẹ́tà tó dé sílẹ̀.

Àmọ́ ọ̀nà ọ̀pá ìmọ́lẹ̀ yìí ní àìlera kan. Ẹ gbọ́dọ̀ mọ bí rúlà ṣe jìnnà sí dígí tó. Bí dígí bá sún síwájú díẹ̀, nọ́mbà á yí padà láìjẹ́ pé igun yí padà. Ẹni tó fẹ́ wọn igun ti di ẹni tó gbọ́dọ̀ wọn jíjìn náà, kó sì wọ̀n ọ́n dáadáa.

Irinṣẹ́ tó yọ wá nínú èyí ni wọ́n ń pè ní autocollimator. Òun gan-an ló mú mi kọ àlàyé yìí, nítorí n kò tíì ṣàlàyé rẹ̀ fún ẹnì kan rí tí onítọ̀hún kò kọ́kọ́ jiyàn. Àfi ká lọ sórí ọ̀rọ̀ lẹ́ńsì ná.

Ọ̀pọ̀ wa ló ti gbé lẹ́ńsì sínú oòrùn rí, tó kó ìmọ́lẹ̀ jọ sójú kan lórí bébà títí bébà fi ń rú èéfín. Oòrùn jìnnà débi pé àwọn ìtànṣán tó ń ti ojú kan lára rẹ̀ wá ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn bí irin méjì tí ọkọ̀ ojú irin ń rìn lé, wọn kì í pàdé. Iṣẹ́ lẹ́ńsì ni láti mú gbogbo ìtànṣán tó bá kọjú sí apá kan náà, kó sì kó wọn sójú kan. Ibi tí gbogbo ọ̀rọ̀ wà nìyí: ojú tí wọ́n bọ́ sí ń sọ apá tí wọ́n kọjú sí, kò sọ ibi tí wọ́n gbà wọ inú lẹ́ńsì. Ìtànṣán tó gba òkè lẹ́ńsì àti èyí tó gba ìsàlẹ̀ rẹ̀, bí wọ́n bá jọ kọjú sí apá kan náà, ojú kan náà ni wọ́n máa bọ́ sí. Lẹ́ńsì ti sọ igun di ipò.

Ẹ wá dojú rẹ̀ dé. Bí ẹ bá gbé ìmọ́lẹ̀ kékeré sí ojú tí lẹ́ńsì máa ń kó oòrùn jọ sí, á gba inú lẹ́ńsì jáde ní ìtànṣán tó ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Inú autocollimator, àmì àgbélébùú tín-ínrín kan ni wọ́n tan iná sí lẹ́yìn níbẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ àmì yẹn á jáde, á lọ kan dígí tó wà lọ́ọ̀ọ́kán, á padà wọ inú lẹ́ńsì kan náà, lẹ́ńsì á sì tún kó o jọ sí ẹ̀gbẹ́ ibi tó ti jáde. Bí dígí bá dúró lóòró gangan, àwòrán àgbélébùú tó padà wá á bọ́ sórí àgbélébùú fúnra rẹ̀. Bí dígí bá yẹ̀ ní sẹ́kọ́ńdì kan, ìmọ́lẹ̀ tó ń padà á fi sẹ́kọ́ńdì méjì yẹ̀, àwòrán á sì kúrò lójú kan. Nínú irinṣẹ́ tí lẹ́ńsì rẹ̀ ń kó ìmọ́lẹ̀ jọ ní mìlímítà 500, ìkúrò yẹn jẹ́ ìdá ẹgbẹ̀rún mìlímítà lọ́nà bíi márùn-ún. Láyé àtijọ́, ojú ènìyàn àti ìdè, ìyẹn sùkúrù, onílà tín-ínrín tí wọ́n ń fọwọ́ yí ni wọ́n fi ń kà á. Lónìí, kámẹ́rà ló wà níbẹ̀, kọ̀ǹpútà sì lè mọ ibi tí àárín ìlà wà dé ìdá kékeré nínú àmì kan ṣoṣo lójú kámẹ́rà náà.

Níbí ni iyàn ti máa ń bẹ́. Wọ́n á ní, "Bí mo bá gbé dígí náà láti mítà kan lọ sí mítà márùn-ún, ṣé nọ́mbà kò ní di ìlọ́po márùn-ún ni? Lára ògiri, bó ṣe rí nìyẹn." Lára ògiri lóòótọ́. Ṣùgbọ́n nínú lẹ́ńsì, ìmọ́lẹ̀ tó ti mítà márùn-ún bọ̀ á kàn gba ibòmíràn wọlé ni, bóyá sún mọ́ etí. Apá tó kọjú sí kò yí padà, ojú kan náà ló máa bọ́ sí. Ẹ tì dígí sọ́tùn-ún, ẹ tì í sósì, ẹ fà á sẹ́yìn, nọ́mbà kò ní mira. Kìkì bó bá yẹ̀ ló máa sọ̀rọ̀. Ìgbà tí èyí kọ́kọ́ yé mi, inú mi dùn fún odidi ọjọ́ kan.

Ohun tó ń dí jíjìn lọ́wọ́ ni pé, bó bá ti pọ̀ jù, ìmọ́lẹ̀ tó yẹ̀ á fò kọjá etí lẹ́ńsì, kò ní wọlé mọ́. Afẹ́fẹ́ náà wà níbẹ̀: bí ibì kan bá gbóná ju ibòmíràn lọ nínú yàrá, ọ̀nà ìmọ́lẹ̀ á máa tẹ̀, àwòrán á sì máa gbọ̀n. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń fi páìpù bo ojú ọ̀nà náà.

Kí ni wọ́n wá ń fi irú nǹkan báyìí ṣe? Ẹ wo ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gé irin. Ojú irin tí ọ̀bẹ rẹ̀ ń rìn lé gbọ́dọ̀ gún, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ohun gbogbo tó bá gé máa wọ́. Láti yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n á gbé dígí sórí àpótí kékeré kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì fi mìlímítà 100 jìnnà síra, wọ́n á máa sún un ní mìlímítà 100 lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á máa ka bó ṣe yẹ̀. Sẹ́kọ́ńdì kan túmọ̀ sí pé ẹsẹ̀ kan ga ju èkejì lọ ní bí ìdajì ìdá ẹgbẹ̀rún mìlímítà. Wọ́n á ro gbogbo gíga wọ̀nyí pọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, gbogbo òkè àti kòtò ojú irin náà á sì hàn.

Ìbéèrè kan ṣì wà tí mo rò pé ó ga ju gbogbo èyí lọ: ta ló ń yẹ irinṣẹ́ náà wò? Títí di 2019, kìlógíráàmù jẹ́ irin kan tí wọ́n tọ́jú sí Sèvres lẹ́bàá ìlú Paris, òun ni gbogbo òṣùwọ̀n ìwúwo láyé ń wárí fún. Igun kò ní irú irin bẹ́ẹ̀, kò sì nílò rẹ̀, nítorí pé òbìrìkìtì ń pé ara rẹ̀. Ohun tó bá yí káàkiri tó sì padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀ ti yí ní dígírì 360, kò lé, kò dín.

Bí wọ́n ṣe ń lò ó nìyí. Wọ́n á ṣe irin kan tó ní ojú 12 yíká, tí wọ́n fi dán ojú kọ̀ọ̀kan títí tó fi di dígí. Ó yẹ kí dígírì 30 wà láàárín ojú kan sí èkejì, ṣùgbọ́n ọwọ́ ènìyàn kò pé. Wọ́n á gbé autocollimator méjì kalẹ̀, ọ̀kan á wo ojú kìíní, èkejì á wo ojú kejì. Kò sẹ́ni tó mọ igun tó wà láàárín irinṣẹ́ méjèèjì gan-an, a kò sì ní béèrè. Wọ́n á yí irin náà, kí ojú kejì àti ìkẹta bọ́ síwájú wọn, wọ́n á tún kà á, títí gbogbo 12 á fi pé. Kíkà kọ̀ọ̀kan kò sọ ju bí igun yẹn ṣe fi tóbi tàbí kéré sí igun àìmọ̀ yẹn lọ. Ó dà bí ọmọ ìyá méjìlá tó pín 360 náírà láìmọ iye tó kan ẹnikẹ́ni, tí wọ́n kàn mọ iye tí tẹnì kọ̀ọ̀kan fi ju ti àkọ́bí lọ. Bí a bá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀ tó jẹ́ 360 pérépéré, iye tó kan àkọ́bí á hàn, ti àwọn yòókù á sì tẹ̀ lé e. Bí wọ́n ṣe ń rí igun tòótọ́ fún ojú 12 náà nìyẹn, láìsí igun kankan tí wọ́n mọ̀ tẹ́lẹ̀.

Òtítọ́ òbìrìkìtì yìí kan náà ló wà nínú theodolite, irinṣẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí ẹnikẹ́ni tó ti ra ilẹ̀ rí á ti rí lọ́wọ́ awọnlẹ̀ nígbà tí wọ́n ń ṣe ìwé sọ́fè. Òbìrìkìtì onílà kan wà nínú rẹ̀, awò sì ń yí lórí rẹ̀. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé kò sí bí a ṣe lè kan ọ̀pá tí awò ń yí lé mọ́ àárín òbìrìkìtì gan-an. Bí àárín méjèèjì bá fi ìdá ẹgbẹ̀rún mìlímítà kan péré yà síra, lórí òbìrìkìtì tí àárín rẹ̀ sí etí jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 5, àṣìṣe sẹ́kọ́ńdì mẹ́rin ti wọlé. Ọgbọ́n tí wọ́n dá sí i ni pé kí wọ́n ka ìhà méjèèjì òbìrìkìtì tó kọjú síra. Bí ìyàsíra yẹn bá fi iye kan kún ti ìhà kan, iye kan náà ló máa yọ kúrò nínú ti ìhà kejì. Ẹ ro méjèèjì pọ̀, ẹ pín in sí méjì, àṣìṣe náà ti pa ara rẹ̀ rẹ́.

Jesse Ramsden ní London, ẹni tó ṣe ẹ̀rọ tó ń fín ìlà òbìrìkìtì ní àwọn ọdún 1770, parí theodolite ńlá kan ní 1787 tí òbìrìkìtì rẹ̀ fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta. Nígbà náà, bí ẹ bá fẹ́ kà á dáadáa, àfi kó tóbi. Ní àwọn ọdún 1920, Heinrich Wild, ará Switzerland, fi gíláàsì rọ́pò irin, ó sì fi àwọn prísímù, ègé gíláàsì tó ń yí ọ̀nà ìmọ́lẹ̀ padà, kó ìlà ìhà méjèèjì wá sínú awò kékeré kan ṣoṣo, kí ẹni tó ń kà á má ṣe rìn yíká irinṣẹ́ mọ́. Irinṣẹ́ tó ṣeé gbé sẹ́yìn wá ń ka sẹ́kọ́ńdì kan. Èyí tí àwọn awọnlẹ̀ ń lò báyìí ń fi iná àti kọ̀ǹpútà ka ìlà gíláàsì náà fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ ṣàkíyèsí ọwọ́ wọn: lẹ́yìn tí awọnlẹ̀ bá ti wo àmì kan, á dojú awò rẹ̀ dé, á yí i ní ìdajì òbìrìkìtì, á sì tún wo àmì kan náà. Kò gbàgbé ohunkóhun. Àṣìṣe ara irinṣẹ́ ló ń pa rẹ́.

Afẹ́fẹ́ nìkan ni kò sí ẹni tó lè dojú rẹ̀ dé. Nígbà tí àwọn awọnlẹ̀ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Íńdíà wọn òkè kan tí wọ́n kọ́kọ́ ń pè ní Peak XV, ìyẹn òkè Everest, wọ́n wò ó láti ibi tó jìnnà ju kìlómítà 150 lọ, nítorí pé wọn kò ráyè wọ Nepal. Ní irú jíjìn bẹ́ẹ̀, sẹ́kọ́ńdì kan lórí irinṣẹ́ ti ju sẹ̀ǹtímítà 70 lọ lórí òkè. Ìmọ́lẹ̀ tó ń bọ̀ láti orí yìnyín sí pẹ̀tẹ́lẹ̀ tó gbóná sì ń tẹ̀ lójú ọ̀nà, àfi kí wọ́n ṣírò títẹ̀ náà kúrò. Radhanath Sikdar, ará Bengal, wà lára àwọn tó ṣe ìṣirò yẹn. Ní 1856, wọ́n kéde ẹsẹ̀ bàtà 29,002, ìyẹn nǹkan bí mítà 8,840. Iye tí Nepal àti China kéde pọ̀ ní 2020 jẹ́ mítà 8,848.86. Mítà mẹ́sàn-án péré ló wà láàárín wọn fún òkè Everest.

Lójú omi, ọ̀rọ̀ tún yàtọ̀. Theodolite kò lè dúró lórí ọkọ̀ tó ń mì. Ní 1731, John Hadley fi irinṣẹ́ oní-dígí méjì kan han Royal Society, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní London. Láti inú irinṣẹ́ yẹn ni sextant tí àwọn atukọ̀ ń lò ti jáde. Ìdajì dígí kan kò ní fàdákà lẹ́yìn, ẹ lè wo ibi tí òkun àti ọ̀run ti pàdé gba inú rẹ̀, kí ẹ sì rí ìràwọ̀ nínú ìdajì kejì. Ẹ á máa yí dígí kejì títí ìràwọ̀ yóò fi sọ̀ kalẹ̀ wá jókòó lórí ìlà òkun. Ọkọ̀ lè máa fì bó ṣe fẹ́, ìràwọ̀ àti òkun á jọ máa fì pọ̀ ni, wọn kò ní yà. Nítorí ìlọ́po méjì tí mo sọ lókè, ọ̀pá rẹ̀ kò ní ju dígírì 60 tó máa rìn láti wọn igun dígírì 120. Igun yẹn ni atukọ̀ fi ń mọ ibi tí ọkọ̀ rẹ̀ wà, mínìtì kan tí ẹ bá fi ṣì í sì jẹ́ mítà 1,852 lójú òkun.

Ní 1838, ní Königsberg, Friedrich Wilhelm Bessel, onímọ̀ nípa ìràwọ̀, lo awò kan láti ilé iṣẹ́ Fraunhofer tí wọ́n la lẹ́ńsì rẹ̀ sí méjì gbọọrọ. Ìdá kọ̀ọ̀kan ń ya àwòrán tirẹ̀. Bí ó bá fi ìdè sún ọ̀kan títí àwòrán ìràwọ̀ méjì fi gun ara wọn, yíyí ìdè náà ló sọ igun tó wà láàárín wọn. Ó rí i pé ìràwọ̀ tí wọ́n ń pè ní 61 Cygni ń fi bí ìdá mẹ́ta sẹ́kọ́ńdì kan yẹ̀ nítorí yíyí tí ayé wa ń yí oòrùn ká. Láti inú igun yẹn ló ti ṣírò bí ìràwọ̀ náà ṣe jìnnà tó. A mọ̀ lónìí pé ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń gba bí ọdún 11 kó tó dé ọ̀dọ̀ wa.

Gaia, ẹ̀rọ tí àwọn ará Yúróòpù fi ránṣẹ́ sójú òfurufú ní 2013, wọn igun irú èyí dé nǹkan bí ìdá 50,000 sẹ́kọ́ńdì kan fún àwọn ìràwọ̀ tó mọ́lẹ̀ dáadáa, títí ó fi ṣíwọ́ ìwòran ní 2025. Awò méjì ló ní, tí wọ́n kọjú sí apá tó fi dígírì 106.5 yà síra, ìmọ́lẹ̀ lésà sì ń ṣọ́ igun tó wà láàárín wọn ní gbogbo ìgbà. Nígbà tó ń ṣiṣẹ́, ẹ̀rọ náà ń yípo ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ní wákàtí mẹ́fà-mẹ́fà, ohun tí awò àkọ́kọ́ rí, èkejì á tún rí i láìpẹ́. Bó bá ti yípo tán, ó ti yí ní dígírì 360 pérépéré, àwọn tó ń ṣírò rẹ̀ sì ń fi pípé yẹn yọ àṣìṣe awò méjèèjì jáde, bí wọ́n ṣe ń ṣe irin olójú 12.